Asofẹ́yẹjẹ, Ìsoríkọ́, àti Ìtàn Oògùn Tí Kò Bá Ara Mu



Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé wa lọ́wọ́ lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayẹyẹ. Ó jẹ mọ́ àwọn ènìyàn tí ń wá sí ilé awo pẹ̀lú àpò ọ̀rá kékeré lọ́wọ́, tí oògùn ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀. Wọn a ní, "Bàbá, oògùn tí wọ́n fún mi rèé nítorí pé inú mi kì í dùn mọ́, oorun kò kùn mí, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń lò ó ni ara mi ti ń gbọ̀n, tí ẹnu mi ń gbẹ, n kò mọ ara mi mọ́. N kò lò ó mọ́." Kí ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe? Àwọn kan nínú wa a máa dáhùn kíá pé kí ó gbàgbé oògùn òyìnbó. Àwọn dókítà kan náà a sì máa dáhùn kíá pé kí ó padà lọ gbé e mì. A gbà pé ìtàn ní ohun tí yóò sọ fún ìhà méjèèjì, nítorí pé gbòǹgbò igi kan tí àwa àti àwọn baba wa ń wà nínú igbó wà ní àárín gbùngbùn ìtàn náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú orúkọ. Ìsoríkọ́ ni à ń pe àìsàn yìí lónìí, orúkọ náà sì bá a mu: ẹni tí ó ń ṣe a so orí rẹ̀ kọ́ bí ẹni tí ó ru ẹrù tí ojú kò rí. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan, kì í sì í ṣe ọ̀fọ̀ tí ó ṣẹ ènìyàn. Ó máa ń wà lára fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀; oorun a dá lójú ẹni náà, iṣẹ́ tí ó fẹ́ràn a sú u, ọkàn rẹ̀ a sì máa sọ fún un pé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn a máa rò ó pé ikú sàn ju ayé lọ. Ní 1961, Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ṣe ìwádìí nínú ìlú Abẹ́òkúta àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn wa mọ àwọn àmì wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kì í dì wọ́n pọ̀ sábẹ́ orúkọ àìsàn kan ṣoṣo bí wọ́n ti ń ṣe fún wèrè. Kò yà wá lẹ́nu. Lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá tí ó kọ́ wa, ẹni tí ń sọkún láìnídìí ni à ń bi léèrè nípa orí rẹ̀, ilé rẹ̀, aya tàbí ọkọ rẹ̀, àti gbèsè ọrùn rẹ̀, kí a tó sọ ohunkóhun. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Àléébù rẹ̀ ni pé a lè bá ọ̀ràn ilé jà títí kí a má sì rí àìsàn tí ó jókòó sára ẹni tí ó wà níwájú wa.

Wèrè ní tirẹ̀ ní orúkọ, ó sì ní ewé. Èyí tí oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ jù fún un ni asofẹ́yẹjẹ, igi tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ìṣe rẹ̀: ó ń so fún ẹyẹ jẹ. Èso rẹ̀ kéékèèké, ó sì máa ń pọ́n dòdò. Bí a bá ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, oje funfun a jáde. Ewé rẹ̀ yí ẹ̀ka po ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin. Gbòǹgbò rẹ̀ ni oògùn, ó sì korò gan-an. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, tí ń jà, tí ń sáré kiri, bí ó bá mu ún, a bì, a yàgbẹ́, a sì sùn. A kò ní í sọ ìwọ̀n rẹ̀ níbí. Ìwé yìí yóò dé ọwọ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́, gbòǹgbò yìí kì í sì í ṣe ohun ìṣeré.

Igi náà ní ọmọ ìyá ní Íńdíà. Rauvolfia serpentina ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ti ọ̀hún, Rauvolfia vomitoria ni wọ́n ń pe tiwa, nítorí èébì tí ó ń fà. Ní 1931, Gananath Sen àti Kartick Chandra Bose kọ̀wé ní Íńdíà pé gbòǹgbò ti ọ̀dọ̀ wọn ń mú kí wèrè rọlẹ̀, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ayé kò fi bẹ́ẹ̀ fetí sí wọn. Ó di 1949, nígbà tí Rustom Jal Vakil, dókítà ọkàn ní Bọ́ḿbè, kọ ìròyìn tirẹ̀ sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà ọkàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn òyìnbó tó dìde. Ní 1952 ilé iṣẹ́ Ciba ní ìlú Basel, ní Swítsàlandì, yọ kókó agbára gbòǹgbò náà jáde, wọ́n sì pè é ní reserpine. Ní 1954 Nathan Kline fi ìròyìn hàn ní New York nípa bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára àwọn tí orí wọn dàrú. Gbòǹgbò tiwa náà di ọ̀kan lára ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń rí reserpine. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Aro ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, tẹ ìwádìí jáde ní 1960 lórí bí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ṣe ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè. Àwọn ọmọ wa a máa fi ìtàn yìí yangàn ní gbogbo ìjókòó, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Ìdajì kejì nìyí. Nígbà tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ní reserpine, ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ní 1954 kan náà, Edward Freis kọ̀wé pé lára àwọn tí ó ti ń lò ó pẹ́ ní ìwọ̀n tí ó pọ̀, àwọn kan ti bọ́ sínú ìsoríkọ́. Ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n gbé wá, ìbànújẹ́ ni wọ́n gbé lọ. Àwọn olùwádìí kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní 1955, ní Bethesda, Bernard Brodie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé reserpine ń gbẹ èròjà kan tí ń jẹ́ serotonin nínú ọpọlọ. Arvid Carlsson ní Swídìn fún ehoro ní reserpine: ehoro náà jókòó gbagidi, kò lè mira, etí rẹ̀ wọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó fún un ní L-DOPA, ó dìde. Ìròyìn yẹn jáde ní 1957. Ní 2000 ni wọ́n fún Carlsson ní ẹ̀bùn Nobel. Láti inú ibi tí gbòǹgbò yìí ṣe sí àwọn kan lára ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bóyá ohun tí ó gbẹ yẹn ni ẹni tí ó sorí kọ́ ń fẹ́, àti bí a ṣe lè dá a padà.

A kò gbọdọ̀ sọ ọ́ ju bí ó ti rí lọ. Ní 1955 kan náà, Davies àti Shepherd dán reserpine wò ní Lọ́ńdọ̀nù lára àwọn tí àníyàn àti ìsoríkọ́ ń bá jà, wọ́n sì kọ̀wé pé ó ṣe wọ́n lóore. Àwọn onímọ̀ tí ó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn náà sọ pé àsọdùn wà nínú ohun tí a ń sọ nípa reserpine àti ìsoríkọ́. Síbẹ̀, títí di òní, ìkìlọ̀ wà lára oògùn náà pé kí a má ṣe fún ẹni tí ìsoríkọ́ ń ṣe. Ìmọ̀ràn tiwa fún àwọn ọmọ awo kò yàtọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ga sókè, tí kò ṣeé mú, ni asofẹ́yẹjẹ wà fún. Ẹni tí orí rẹ̀ ti wálẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni a tún fẹ́ fà á wálẹ̀ sí?

Oògùn ìsoríkọ́ àkọ́kọ́ kò ti ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ wá. Ní 1952, ní ilé ìwòsàn Sea View ní Staten Island, New York, wọ́n ń dán oògùn tuntun wò fún ikọ́ ife. Àwọn tí ń dúró de ikú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwọn oníròyìn sọ pé wọ́n ń jó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iproniazid ni ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà. Ní 1957 Kline, ẹni tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, fi í wo ìsoríkọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ìtura, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ àwọn kan bàjẹ́, ojú wọn pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, wọ́n sì kó oògùn náà kúrò ní ọjà Amẹ́ríkà ní 1961.

Àwọn ọmọ ìyá iproniazid kù nílẹ̀, lára wọn sì ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí yóò dùn mọ́ awo nínú. Àwọn kan tí ń lò wọ́n a dédé ní ẹ̀fọ́rí tí ó fẹ́ la orí wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn a ru sókè lójijì, àwọn mìíràn kú. Ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀. Apoògùn kan ní Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ lẹ́tà pé aya òun wà lórí irú oògùn bẹ́ẹ̀, pé lẹ́yìn tí ó bá jẹ wàràkàṣì ni ẹ̀fọ́rí yìí ń dé, pé bọ́tà àti wàrà lásán kì í fà á. Ǹjẹ́ nǹkan kan wà láàárín méjèèjì bí? Lẹ́tà náà dé etígbọ̀ọ́ Barry Blackwell, dókítà ọ̀dọ́ ní ilé ìwòsàn Maudsley ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wádìí rẹ̀, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1963: òótọ́ ni. Èròjà kan wà nínú wàràkàṣì tí ó ti pẹ́ àti nínú àwọn oúnjẹ mìíràn tí a mú kan, tí ara máa ń pa fúnra rẹ̀. Oògùn náà kì í jẹ́ kí ara pa á. Èèwọ̀ ni wọ́n rí! Láti ọjọ́ náà ni dókítà ti ń fún ẹni tí ó bá ń lò ó ní ìwé tí ó kún fún ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ. Oògùn náà kò parẹ́. Ó ṣì ń wo àwọn kan sàn tí ohun mìíràn kò ràn lọ́wọ́. Àwa tí ń ka èèwọ̀ fún ènìyàn lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, a mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí. Kí a sì kíyè sí ẹni tí ó tú àṣírí náà: ọkọ tí ó ń wo aya rẹ̀ nídìí oúnjẹ ni.

Ẹ̀ka kejì ti Swítsàlandì wá. Ní 1956 Roland Kuhn, ní ilé ìwòsàn Münsterlingen, ń dán oògùn ilé iṣẹ́ Geigy kan wò. Wèrè ni wọ́n rò pé yóò wò. Kò wò ó. Kuhn fún àwọn tí ìsoríkọ́ ń ṣe, ó sì rí i pé ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1957, imipramine ni orúkọ oògùn náà. Ẹnu gbígbẹ, ìgbẹ́ tí kò jáde, òòyì, oorun àsùnjù, àti ìpalára fún ọkàn bí ó bá pọ̀ jù: gbogbo èyí bá a wá. Ẹlòmíràn kò rí ìkankan nínú wọn. Ẹlòmíràn rí gbogbo rẹ̀ láti orí hóró kan. Ní Stockholm, ní 1967, Folke Sjöqvist àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn aláìsàn ní ìwọ̀n kan náà nínú irú oògùn yìí, wọ́n sì wọn èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ti ẹnìkan lè ju ti ẹlòmíràn lọ ní ìlọ́po 10 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1969 wọ́n dán nortriptyline wò lára àwọn ìbejì. Àwọn ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan jáde ní ìwọ̀n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àyàfi níbi tí ọ̀kan bá ti ń lo oògùn mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Ti àwọn ìbejì yòókù kò jọra bẹ́ẹ̀. Ara tí a bí mọ́ ènìyàn ni ó ń pinnu bí oògùn yóò ti pẹ́ tó nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí oògùn kò bá lára mu kì í ṣe òpùrọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé ayé ń dà á láàmú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ẹbí rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ lójú yín.

Fluoxetine rí àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní òpin 1987, àwọn irú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Wọn kì í pa ọkàn lára tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní tiwọn: èébì, àìsùn, ara tí kò lè jókòó sójú kan, àti ìfẹ́ ìbálòpọ̀ tí ó ń kú, èyí tí ìtìjú kì í jẹ́ kí tọkọtaya sọ fún dókítà. Ní 2004 ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ kí a kọ ìkìlọ̀ sára wọn pé wọ́n lè mú èrò ìpara-ẹni pọ̀ sí i lára àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí ó kó nǹkan bí 4,000 ènìyàn jọ, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006, fi hàn pé nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́ta ni oògùn àkọ́kọ́ mú bọ̀ sípò pátápátá. Lára àwọn yòókù, àwọn kan rí ìwòsàn nígbà tí a pààrọ̀ rẹ̀ tàbí tí a fi òmíràn kún un. Kí oògùn àkọ́kọ́ má bá ni lára mu kì í ṣe ohun àjèjì rárá.

Ohun tí ó burú ni kí a dá a dúró lójijì. Ẹni tí ó ti ń lo oògùn wọ̀nyí fún oṣù púpọ̀, tí ó sì dà á nù lọ́jọ́ kan, lè ní òòyì, èébì, àlá burúkú, àti ohun kan bí iná mànàmáná tí ń ta á lórí. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń dín in kù, lábẹ́ ojú dókítà, ìgbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni kí ó ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí awo tún gbé àgbo lé e. Bí asofẹ́yẹjẹ bá pàdé oògùn tí ó jẹ́ ọmọ ìyá iproniazid lára ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ lè ru sókè débi ikú. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ewé kì í bá oògùn jà. Ní Jámánì ewé kan wà, Johanniskraut, tí àwọn dókítà fúnra wọn ń kọ fún ìsoríkọ́ tí kò le. Ní 2000 a rí i pé ó ń dín agbára oògùn tí ó ń dáàbò bo ọkàn tí a pààrọ̀ fún aláìsàn kù, ara àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọkàn náà. Bí a bá sì lò ó pọ̀ mọ́ oògùn bíi fluoxetine, ara lè gbóná, kí ó máa gbọ̀n, kí orí sì dàrú.

Oògùn nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Fún ìsoríkọ́ tí ó le jù, èyí tí aláìsàn kò jẹun mọ́, àwọn dókítà ṣì ń lo iná mànàmáná tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù ní 1938. Oorun ni wọ́n ń fi í sùn kí wọ́n tó ṣe é báyìí. Fún èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ ń wo ènìyàn sàn. Ní Sìmbábúwè, láti 2006, Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà ní Harare láti jókòó lórí bẹ́ńṣì ní àgbàlá ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ìròjù ń bá jà, kí wọ́n sì bá wọn wá ojútùú ìṣòro kan lẹ́yìn òmíràn. Ìdánwò tí a tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé àwọn tí ó jókòó tì wọ́n sàn ju àwọn tí kò rí wọn lọ. Nígbà tí a gbọ́ èyí, ẹ̀rín pa wá. Kí ni à ń ṣe nílé awo, bí kì í bá ṣe kí a jókòó tini?

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Lámbò, a bí i ní Abẹ́òkúta ní 1923, ó sì kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham. Ní 1954 ó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro. Kò ti aláìsàn mọ́ ìyẹ̀wù. Ó fi í wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé ìtòsí, ọmọ ẹbí kan sì gbọ́dọ̀ bá a wá láti máa se oúnjẹ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ síbi ìtọ́jú. Aláìsàn a gba oògùn nílé ìwòsàn, a padà sí abúlé, a bá wọn roko, a bá wọn ṣe fàájì. Lámbò gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́ pẹ̀lú, wọ́n ń ṣètùtù, wọ́n ń bá ẹbí sọ̀rọ̀, dókítà sì ń fún ni lóògùn. Ìhà kọ̀ọ̀kan mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Èyí gan-an ni ó sọnù lọ́wọ́ wa lónìí. Aláìsàn ń fi oògùn pamọ́ fún awo, ó sì ń fi awo pamọ́ fún dókítà.

Kò tíì bọ́ sọ́nù pátápátá. Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìdánwò kan jáde tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ń lọ sí ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ti àwọn aládùúrà, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ láìlé onílé jáde, wọ́n sì bá wọn fi ẹgba àti ẹ̀wọ̀n sílẹ̀. Ara àwọn aláìsàn náà yá ju ti àwọn tí a fi sílẹ̀ bí ó ti ń rí tẹ́lẹ̀ lọ. Wèrè ni wọ́n wò níbẹ̀, kì í ṣe ìsoríkọ́. Ti ìsoríkọ́ rọrùn fún ẹgbẹ́ wa láti bẹ̀rẹ̀, kò sì ná wa ní owó. Bí ẹni tí ó ní àpò ọ̀rá lọ́wọ́ bá dé, kí a gbọ́ ọ parí. Kí a bi í gbangba bóyá ó ń ro ikú. Bí ó bá ń rò ó, kí ó má ṣe dá sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kí a sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Kí a má ṣe fún un ní gbòǹgbò kankan. Kí a kọ orúkọ oògùn náà sínú ìwé kan, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ohun tí ó ṣe é lára, àti gbogbo àgbo tí ó ti mu, kí a sì fi ìwé náà rán an padà sọ́dọ̀ dókítà, pẹ̀lú ọmọ ẹbí kan tí yóò bá a lọ.